Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn láti ọjọ́ tí mo ti fojú kàn án, mi ò sì ní parọ́ pé mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Mo ti wa tirela fún ọdún mẹ́tàlélógún kí ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá gbé sìmẹ́ńtì ní Ifọ̀ tó kéde pé ẹni tí kò bá lọ kọ́ ọkọ̀ ńlá níléèwé, kó sì mú ìwé ẹ̀rí bọ̀, kó máa lọ sílé ẹ̀. Gbogbo wa ló kàn, ẹni tó ń gbé epo, ẹni tó ń wa tipa yanrìn, ẹni tó ń gbé kọ̀nténà. Èmi tí mo ti wakọ̀ dé Sókótó! Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ṣì wà lọ́rùn mi nílé-ìwé, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ọkọ̀ wíwà. Mo gbé ìtìjú mì, mo wọkọ̀ ní Mowe, mo lọ.

Pápá kan lẹ́yìn Ìbàfò ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Obìnrin yìí ni olùkọ́, àkọ́bí mi lè máa pè é ní àǹtí. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, lẹ́yìn náà á wá máa pàṣẹ fún mi. Ó ní kí n tó gun ọkọ̀, kí n kọ́kọ́ rìn yí i ká.

"Ṣé odi Jẹ́ríkò ni?" Àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ yí i ká, bàbá. Ẹ wo táyà."

Mo sọ ọ́ sí i létí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ní àkísà kọ́ lòun ń wá.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní kí n dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí n ṣe bí ẹni tí ọkọ̀ bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi òkúta ti ẹ̀yìn táyà bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí olùkọ́ náà ní kí n máa lọ, mo gòkè padà, mo gbéra. Ọkọ̀ ò fi ìka kan yọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rín ni mò ń rín nígbà tí mo padà débi tó dúró sí.

"Ẹ ti féèlì, sà."

Ó nawọ́ sí òkúta mi tó jókòó sáàárín ọ̀nà. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ tìtorí òkúta nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ? Gbogbo dẹ́rẹ́bà ló ń fi í sílẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn níṣojú gbogbo èèyàn. Mo bi í pé kí ló ń wá nídìí ọkọ̀, ṣé kò lọ́kọ nílé ni?

"Mo lọ́kọ tẹ́lẹ̀, sà. Irú òkúta yẹn ni ọ̀kadà ẹ̀ gùn ní Lotto, nítòsí Mowe. Ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Ó lọ gbé òkúta náà kúrò lọ́nà fúnra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún ìdánwò náà ṣe. Mo yí ọkọ̀ ká, mo gbé òkúta mi kúrò lọ́nà, mo yege. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú oríire. Iṣẹ́ mi ò bọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti kórìíra rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Lásìkò Àjíǹde ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ mi bà jẹ́ ní Lotto. Òkúta méjì ni mo fi ti táyà. Nígbà tí mẹkáníìkì tún un ṣe tán, mo gbéra, mi ò wẹ̀yìn. Bóyá ṣáájú ọdún ni o, bóyá lẹ́yìn ọdún ni, mi ò rántí mọ́. Ìbéèrè kan péré ló yẹ kí n bi obìnrin yẹn: ṣé òkúta kan ni wọ́n bá lójú títì, àbí méjì?

Mi ò tíì bi í.