Agbálùmọ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Oje funfun ló kọ́kọ́ ta sí mi lẹ́sẹ̀. Àdá bàbá náà ti wọ ara agbálùmọ̀ yẹn, igi sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bíi wàrà. Mo ṣì rò pé eré ni.

Gbogbo àdúgbò Egan tí o rí tó di ilé yìí, oko ni nígbà yẹn. Bàbá yẹn kì í ṣe ìbátan wa, ilé wọn ló kángun sí tiwa. Agbálùmọ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbìn. Márùn-ún ń so. Ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé lásán. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, wọ́n á pọ́n àdá lórí òkúta, wọ́n á pè mí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kúnlẹ̀ bá igi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé kí n gé ọ̀lẹ yìí?" Èmi á ní, "Ẹ dákun, Bàbá, á so." Wọ́n á fi àdá kàn án lára díẹ̀, a ó sì lọ sun àgbàdo jẹ. Bàbá tiwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní igi tí kò bá rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀, ojú kì í tì í.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá náà ti bá mi wí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, torí mo sọ òkò lu agbálùmọ̀ tí kò tíì gbó. Inú ń bí mi. Nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè wọn, mo ní, "Ẹ gé e, jàre."

Wọ́n gbé àdá sókè, wọ́n sọ ọ́ lu igi, oje ta.

Nígbà tí wọ́n tún gbé e sókè, mo figbe ta. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú, mo ní àwàdà ni mò ń ṣe. Wọn ò dáwọ́ dúró.

"Márùn-ún tó kù ti gbọ́," wọ́n ní. "Tí mi ò bá gé e, wọn ò ní gbà mí gbọ́ mọ́."

Igi wó. Láàárín ewé òkè pátápátá, ọmọ agbálùmọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀, tútù, wọn ò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Àdá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Wọn ò lù mí, wọn ò bú mi. Wọ́n já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó sórí kùkùté.

"Èmi náà ò wòkè," ni wọ́n ní.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí ṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ fìdí rẹmi níléèwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ọkọ mi, bàbá àgbà rẹ, bi mí bóyá kí àwọn lé e jáde nílé, wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí orúnkún mi fi kanlẹ̀. Mo ní ẹ dákun, á so.

Ó sì so: ìwọ lo jókòó tò ń kọ ìtàn yìí.