Ràdíátù, Ẹni Tó Ń Ṣa Èèpo Ọta

Lọ́jọ́ tí Ràdíátù kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìbọn mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń ta idẹ àlòkù ní Karmo, l'Abuja, kò sì sí ariwo irin tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n òkè tó wà lẹ́yìn pápá tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, lọ́nà Bwari, gba ìró náà, ó sì dá a padà, àyà obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń gbọ̀n bí abọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ ìlọta. "Subhanallahi!" ló ń wí ṣáá. Èèpo ọta ń fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, wọ́n ń dán yanran nínú oòrùn òwúrọ̀, wọ́n ń dún wọnran-wọnran lórí símẹ́ńtì. Idẹ gidi ni, tó mọ́ ju ẹnu ẹ̀rọ omi àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó ń rà kiri Jahi lọ.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni lè kàn gbé àpò wọ ibẹ̀ kó máa ṣà o. Kíkẹ́olúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí pápá náà, kò ju ọmọ bíbí inú Ràdíátù lọ. Abuja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Òun ló kọ́ Ràdíátù ní ìwà ibẹ̀. Bí àsíá pupa bá wà lókè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá ìlà yẹ́lò tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń yìnbọn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ì báà ṣe fìlà ara rẹ̀ ló já bọ́. Ìgbà tí Kíkẹ́ bá fun fèrè, tí ìbọn gbogbo ti ṣófo lórí tábìlì, tí àsíá sì wálẹ̀, ìgbà náà ni ẹni tó ń ṣa èèpo ń wọlé. Ẹni tó bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ilé ló fẹ́ kó èèpo tirẹ̀ lọ. Gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò tẹ́ nǹkan kan, kí i, kó o tọrọ, kó o tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá wúwo lọ́wọ́, ọta ṣì wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Fi í sílẹ̀, kó o nawọ́ sókè.

"Mummy," ni Kíkẹ́ wí, "rule yìí, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú ẹ̀ o. Ẹni tó ń ṣe é before yín, once ló bend. Once! Mo lé e, a ò rí i mọ́."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi," ni Ràdíátù dáhùn.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò ṣì í ṣe. Bí wọ́n bá bi í ní Karmo bóyá ẹ̀rù kì í bà á, á ní ẹ̀rù ń ba òun dáadáa, ẹ̀rù náà ló dùn. Ohun tó tiẹ̀ yà á lẹ́nu jù kì í ṣe ariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ni: kí àwọn ọkùnrin ńláńlá tó gbé jíìpù wá máa gbé ìbọn sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí fèrè ọmọdébìnrin kan. Kò fẹ́ kí ohunkóhun lé òun kúrò níbẹ̀.

Àfi bó ṣe di Sátidé kan. Bàbá Babalọlá, ọ̀gá sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wà nídìí ìbọn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà. Gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì ẹni kejì. Bàbá fọwọ́ ti ìbàdí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ta ló bí Ràdíátù, ta ló tọ́ ọ, tí àgbà yóò máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí òun yóò dúró máa wò? Kó tó mọ̀, ó ti kọjá ìlà yẹ́lò, eékún rẹ̀ méjèèjì ti wà láàárín èèpo gbígbóná. Ìbọn kan dún lórí rẹ̀ gan-an. Fèrè ké.

Àwọn tó ń yìnbọn dáwọ́ dúró.

"Mummy, ẹ má dìde yet," ni Kíkẹ́ wí. Wọ́n tú ìbọn, wọ́n kó wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àsíá sì wálẹ̀. "Ó yá, ẹ dìde."

Ràdíátù dìde. Ẹ sì wò ó, ó tún kúnlẹ̀ láti fi gíláàsì lé bàbá lọ́wọ́!

"It's over, Mummy. Ẹ padà sẹ́yìn ìlà. Ẹ máa lọ sílé."

Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ti rí ojú Kíkẹ́, bí ìbẹ̀rù ṣe hàn níbẹ̀, ojú sì tì í. Ó padà sẹ́yìn ìlà.

Bàbá Babalọlá nu gíláàsì rẹ̀. "Kíkẹ́, orí obìnrin yìí ti gbọ́ òfin rẹ. Eékún rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Gbé àpò yẹn wá. Ràdíátù, dúró síbi tó o wà."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Egungun rẹ̀ dún. Ó ṣa èèpo kan, ó wò ó bóyá ó wúwo, ó jù ú sínú àpò, ó ṣa èkejì.

"Bàbá, ẹ dákun! Ẹ jẹ́ n ṣe é, ẹ má pa mí!"

"Mo ní kó o dúró."

Ó di ẹ̀kẹwàá, ó di ogún. Bàbá ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ di tábìlì mú. Ràdíátù fi eyín di etí gèlè rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, eékún rẹ̀ ń fẹ́ tẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà létí ìlà yẹ́lò gan-an. Kò kọjá. Kò kúnlẹ̀. Gbogbo àwọn ọkùnrin yòókù ń wo bàbá arúgbó. Ẹsẹ̀ Ràdíátù ni Kíkẹ́ ń wò.

Nígbà tí símẹ́ńtì mọ́ tán, bàbá gbé àpò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nà án sí i. Ràdíátù kò gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lóòró rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ó gbà á lóòró.

Kíkẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mummy," ló wí, "next Saturday, aago mẹ́jọ. Ẹ má late o."