Ìlà Kan Tó Pe Fáìlì Bàbá Akọ̀wé

Ẹ má tíì bú obìnrin yìí o. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìwàǹwára ló fi ṣe ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ń kọ fáìlì tuntun, ó sì nílò nọ́ńbà fóònù àwọn òbí. Nọ́ńbà wọ̀nyí wà nínú fáìlì àtijọ́ tí Bàbá Akọ̀wé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kọ. Dípò kó ṣí i kó kà á tán, ìlà kan péré ló kọ: kí fáìlì tuntun pe ti Bàbá wá. Ó ṣebí nọ́ńbà nìkan lòun máa rí gbà. Fáìlì téèyàn bá pè báyìí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ṣe, látòkè délẹ̀. Òun náà kúkú mọ̀, ìwàǹwára ni kò jẹ́ kó rántí! Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àṣẹ tó ń ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé ọmọ wọn ò wá wà. Kó tó ṣẹ́jú, irínwó òbí ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé ọmọ wọn ò dé ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn òbí ya wọ ọgbà. Bàbá kan tiẹ̀ wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ wá. Orúkọ Bàbá Akọ̀wé ló wà nídìí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọjú sí i. Bàbá ní bóyá òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ò kàn rántí ni. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé tóṣù bá parí.

Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á jẹ́wọ́ lọ́la. Lọ́la dé, ó tún di lọ́la.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá wá bá a nídìí tábìlì. Ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun yẹ iṣẹ́ òun wò, nítorí ìgbàgbé ti wọ òun. Ó ní òun tiẹ̀ ti kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé òun sínú ìwé, òun fi í sápò, nítorí bí òun bá lọ ṣìnà.

Omi bọ́ lójú Ìyá Ìbejì.

“Bàbá, ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo pe fáìlì yín láìkà á.”

Bàbá yọ ìwé àdírẹ́ẹ̀sì náà lápò, ó fi í lé orí tábìlì.

“Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù orí ara mi,” ló wí, “ìwọ sì jókòó tì mí.”

Ìyá Ìbejì dìde, ó forí lé yàrá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láti lọ jẹ́wọ́, Bàbá ò sì tẹ̀lé e.