Pákó tí Bàbá Wa Fi Dí Oòrùn Lọ́nà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mi ò tíì mọ̀ pé oòrùn lè bá èèyàn dé orí ibùsùn rẹ̀, oko ni gbogbo Ayọ̀bọ̀ tí ẹ̀ ń wò yìí. Mushin là ń gbé nígbà náà, ṣùgbọ́n tí a bá ti gba ìsinmi nílé ìwé, ilé oko bàbá wa ní Ayọ̀bọ̀ la máa ń lọ. Tíṣà ni bàbá wa, ọmọ Èkìtì, èèyàn tí kì í kánjú. Kí ó tó gba káfíńtà láyè láti kan fèrèsé ilé náà, ó gbé àga sínú yàrá tí wọn ò tíì rẹ́, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi ẹfun sàmì síbi tí oòrùn bá dé lára ògiri. Àwọn ará oko tó ń kọjá rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó kan pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí ìta àwọn fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n sì dojú wọn kọlẹ̀ díẹ̀ bí ìpéǹpéjú ẹni tó ń tòògbé. Atẹ́gùn ń wọlé, oòrùn ò lè wọlé. Apá ibẹ̀ ni yàrá ìyá wa wà. Bí ibà bá mú ọ̀kan nínú wa, yàrá yẹn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, nítorí pé kódà bí oòrùn ọ̀sán bá ń jó ewé ẹ̀gẹ́ níta, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ni.

Bàbá ti lọ. Ìyá wa ṣì wà láyé, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, inú yàrá yẹn náà ló sì wà títí dòní. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé òkè òkun wálé, ó wo ilé náà, ó yínmú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yìí ti jọ ilé adìyẹ o. Gbogbo àdúgbò ti ń lo dígí, àwa nìkan la ṣì wà nídìí pákó jàre."

Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé bàbá wa mọ ohun tó rí. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á ra ẹ̀rọ amúlétutù fún Màmá. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìgbà tí mo fi máa ti Ìkòtún tí mò ń gbé padà débẹ̀, wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀, wọ́n ti fi dígí rọ́pò. Pákó bàbá mi làwọn òṣìṣẹ́ fi ń dáná ẹ̀wà.

Ó ra ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ó sì padà síbi tí òtútù wà. Ẹ̀rọ rèé lára ògiri, iná ò sí. Aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. A ní ká ta kọ́tìnì tó nípọn, atẹ́gùn tó kù náà dúró, yàrá wá di ààrò.

Ẹ gba òpópónà Command lọ sí Ayọ̀bọ̀ kí ẹ wò ó fúnra yín, dígí ló ń kọ mọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Ó kó mi nírìíra. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ sùn nínú ilé ni wọ́n ń rò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ní báyìí, ẹni tó ń kọjá lójú títì lẹ̀ ń kọ́lé fún, ẹ sì ń pè é ní ọ̀làjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo wọ yàrá ìyá mi. Orí ibùsùn rẹ̀ ló wà, oòrùn gba inú dígí bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, òógùn ti mu aṣọ rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó na ọwọ́.

Ó ní, "Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi wọlé. Wọ́n ti gbàgbé mi síta."