Ìlà Seledi

Iṣẹ́ ẹnu ni mo ń ṣe ní ilé ìtẹ̀wé wa. Èmi a máa ka ẹ̀dà àtijọ́ sókè, ẹnì kejì mi a máa fi rúlà tẹ̀lé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí àṣìṣe má baà yọ́ kọjá. Ojú Abẹ́rẹ́ là ń pe ẹnì kejì mi yìí, torí kò sí àmì tó kéré tó bọ́ lórí lẹ́tà tí kò ní rí. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún nílé ọkọ, kò bímọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ sí i lójú pé ọjọ́ tó bá kú, orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ Bíbélì dé, a jọ kà á dáadáa títí a fi dé ibi ìwé ìran, níbi tí lágbájá ti ń bí lámọrín, tí lámọrín ń bí èmi-ò-mọ-ta-ni. Ọjọ́ Ajé ni, ẹnu sì ti ń ro mí. Mo ní, “Àbúrò mi, orúkọ lásán nìyí. Dá eléyìí yẹ̀ wò, kí o sì fọwọ́ sí i.” Èmi ni mo sọ ọ́, mi ò ní purọ́.

Mi ò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni dókítà sọ fún un pé kó má retí ọmọ mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Bíbélì náà lórí ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí aago kan kọjá, ó fà mí láṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ojú ewé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ajé fún mi. Ẹkún ni mò ń sun lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ohun tí mo fọwọ́ sí.”

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún mi. Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òun náà ń fi rúlà tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo dé orí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seledi, tó kú láìbímọ, rúlà dúró.

“Kò sí níbí.”

Mo tún un kà. Kò sí lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà “ọmọ” tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló jẹ́ kí ojú ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fo ìlà. Ojú Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó kà á fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kò bímọ o, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀. Àárín àwọn tó bímọ ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Àyà tèmi náà ń já, torí ẹni tó bá fọwọ́ sí àṣìṣe ló ni ín, wọ́n sì ti lé ẹnì kan lọ lórí irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo tẹ̀ lé e lọ sí yàrá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ, ọ̀gá wa dúró tì í, ó ń wo aago.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà. Ìlà kan fò.”

“Àwa méjèèjì la jẹ̀bi,” mo wí.

Ọ̀gá wo ibi tí ó nàka sí, ó rẹ́rìn-ín. “Torí eléyìí? Ẹni tí ò bímọ. Ta ló máa wá a?”

“Èmi,” ló dáhùn. “Èmi ni mò ń wá a, ọ̀gá.”

Ọ̀gá yíjú sí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n pa á.