Èdè Tí Mo Kọ Sí Fọ́ọ̀mù

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ashaiman, nítòsí Accra, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tó béèrè èdè. Mo kọ Yorùbá, Hausa, Twi, mo sì fi Gã díẹ̀ kún un. Inú mi dùn, torí níbi tí wọ́n ti béèrè ìwé tí mo kà, JHS, ìwé girama kékeré, nìkan ni mo rí kọ.

Olùkọ́ wa kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni òun ń béèrè, Python tàbí C. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi Twi sọ pé Alata ti kó gbogbo Zongo wá bá kọ̀ǹpútà. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, Zongo sì ni àdúgbò àwọn àlejò. Mo wo bàtà mi.

Olùkọ́ ní tó bá di ọjọ́ Ajé, a máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa sọ èyí tí a yàn àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí nǹkan sọ máa fi ìjókòó sílẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kò tó, àwọn mìíràn sì ń dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti lò níbẹ̀, mi ò tíì sọ̀rọ̀ sókè rí.

Mi ò sì fẹ́ kúrò. Ọjà Kantamanto ni èmi àti màmá mi ti ń tún òkìrìkà ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ní mọ́tò, ṣùgbọ́n bí òwú bá já, kì í mọ̀. Á máa sáré lọ, abẹ́rẹ́ á máa gún aṣọ lásán, ìgbà tí o bá fà á jáde ni wàá rí i pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ṣì là sílẹ̀ gbayawu. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kékeré tó máa dá ẹ̀rọ náà dúró nígbà tí òwú bá já. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Python ni ọ̀pọ̀ ń yàn. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní kí n má da ara mi láàmú, Python rọrùn, àwọn tó lọ yunifásítì pàápàá ń sá fún C. Ohun rere ló rò sí mi. Mo kọ Python sí ẹ̀yìn ìwé mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ trotro lọ kí ìyá àgbà mi ní Sabon Zongo. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bá a ṣa á, mo sì sọ fún un pé wọ́n ní kí n yan èdè kan kọ́.

“Òmíràn?” ló wí. “Èyí tí mo fún ọ ńkọ́, o ti lò ó tán? Bí mo bá fi Yorùbá pè ọ́, Twi lo fi ń dá mi lóhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé pé ọ̀kan rọrùn, ọ̀kan le. Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. Ó ní nígbà tí òun dé Accra, òun ò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Òun kọ́ Hausa torí àwọn aládùúgbò, òun kọ́ Gã torí àwọn tí òun ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Kò sí èyí tó rọrùn níbẹ̀. Òun tiẹ̀ bú ẹlẹ́ja kan lọ́jọ́ kan níbi tí òun ti rò pé òun ń kí i.

“Ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?” ló bi mí. “Èdè ẹni yẹn ni kí o kọ́.”

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo rántí pátákó ẹ̀rọ kan, bíi kọ̀ǹpútà kékeré, tí olùkọ́ fi hàn wá, kò tóbi ju ìka méjì lọ. Ó ní inú rẹ̀ kéré, Python kò lè gbà síbẹ̀, C ló ń gbọ́. Irú rẹ̀ ló máa wọ abẹ́ ẹ̀rọ màmá mi. Nínú trotro tó gbé mi padà, mo fa ìlà lé Python, mo sì kọ C.

Nígbà tó kàn mí lọ́jọ́ Ajé, mo di tábìlì mú. Ẹni tó pè mí ní Alata ní kí n fi èyí tó bá wù mí sọ ọ́, mẹ́rin ṣáà ni mo ní. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá fi Twi sọ pé C ni mo yàn, torí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́ òmíràn.

Olùkọ́ béèrè pé ta ni.

“Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ni, sà. Bí òwú bá já, mo fẹ́ kó mọ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bi mí bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀, mo sì ṣàlàyé bí òwú ṣe máa ń le ṣinṣin, àti bó ṣe ń dẹ̀ nígbà tó bá já. Ó mú fọ́ọ̀mù mi. Kò pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ó fi C kún wọn, lẹ́yìn Gã.

C le lóòótọ́. Àmì kékeré kan ló máa ń parí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀; bí o bá gbàgbé ẹyọ kan, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Àwọn tá a jọ yàn án máa ń bínú sí i. Èmi kì í bínú. Ní Kantamanto, a kì í gé òwú láìta kókó. Mo kàn máa ń padà lọ wá ibi tí mo ti gbàgbé, kí n ta kókó rẹ̀.