Ẹ̀rín Tí Wọ́n Ní Ó Ń Fa Sójà Wálé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Greenbelt, ní Maryland, ogun Gulf gbé ẹ̀gbọ́n mi Túndé, tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà, lọ sínú aṣálẹ̀. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á wà lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tí mo bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ Miss Dorothy, ìyá àgbà òyìnbó tó múlé tì wá, ni mo máa ń dúró sí títí Màmá á fi ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Á fún mi ní bisikíìtì àti mílíìkì tútù. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé sinimá kan nígbà ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn. Ìwé ìpolówó kan látìgbà náà wà lára ògiri rẹ̀: aláwàdà kan ń já bọ́ látorí àkàbà, sójà kan sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ pé kí èèyàn wá wò ó, pé ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan ń fa àwọn ọmọ wa súnmọ́lé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí Túndé lè tètè dé. Bí mo bá ń fọ abọ́, ẹ̀rín ni. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ẹ̀rín ni. Ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín lásìkò àdúrà ni Màmá ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè.

"Bùrọ̀dá ẹ wà lójú ogun, ìwọ ń rẹ́rìn-ín! What is funny?"

Ó rú mi lójú. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò fà á wálé? Ẹkún ni mo fi ṣàlàyé. Ni Màmá bá fà mí lọ sọ́dọ̀ Miss Dorothy láti fojú ara rẹ̀ rí ìpolówó náà. Ó wò ó títí, ó wá bèèrè ẹni tí sójà yẹn jẹ́. Miss Dorothy ní ẹ̀gbọ́n òun ni; fọ́tò rẹ̀ ni bàbá àwọn fi síbẹ̀ kí èrò lè pọ̀. Màmá bi í bóyá ó padà wálé. Ó mirí pé rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ sinimá ń kún lálaalẹ́, gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n.

Màmá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí a délé, ó ní bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí n máa ṣe é nínú yàrá mi.

Túndé padà. Màmá ní ààwẹ̀ ni, Túndé ní orí ló kó òun yọ. Títí dòní, mi ò mọ èwo ni kí n gbà.

Láyé bàbá Miss Dorothy, ẹni tó ń pe èèyàn wá rẹ́rìn-ín ní ọmọ lójú ogun. Lónìí, ìpolówó aláwàdà máa ń bọ́ sáàárín ìròyìn ogun lórí fóònù mi, mi ò sì mọ ẹni tó ń pè mí. Mo ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ọmọ ta ni mò ń fà wálé.